Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀nà Ìgèdè

Bàbá mi àtàtà,

Búréèkì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni kò jẹ́ kí n sùn lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orúnkún òsì mi ni. Lẹ́yìn náà ni òjò: bó bá rọ̀ jù, odò á kún, bí kò bá sì rọ̀ rárá, eruku á jí ikọ́ mi. Mo tún ń ro afárá onígi tó wà lórí odò yẹn. Ta ló mọ̀ bóyá ikán ti jẹ ẹ́? Lánàá, mo dìde lọ wò ó bóyá mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti í. Mo tún dìde lọ wò ó. Ẹ má bínú pé ìròyìn àìsùn ni mo kọ́kọ́ fi kí yín. Ẹ mọ ọmọ tí ẹ bí.

Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ da ọ̀dà sí ọ̀nà wa. Ọ̀nà yangí tó gba inú oko lọ sí Ìgèdè ni mò ń wí, èyí tí ẹ máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi gbà ní gbogbo Sátidé. Wọ́n ti kan èèkàn tí wọ́n kùn ní pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, katakata sì ti wà níkàlẹ̀. Wọ́n ní bí Àjíǹde bá ti kọjá, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Inú àwọn àgbẹ̀ ń dùn, kò sì burú. Kòkó wọn á tètè dé ọjà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tún gbọ́ bí yangí ṣe ń dún lábẹ́ táyà, kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí èyí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí n óò tún ti gbọ́ ọ.

Títí, àbígbẹ̀yìn mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Adó níbí, kò fẹ́ gbọ́ rárá.

"Bàbá, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló tún fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ kiri inú oko? Ẹ jẹ́ n pe ọlọ́kadà tó máa rọra gbé yín lọ."

"Ọ̀kadà kẹ̀? Pẹ̀lú ariwo ẹ̀? Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ máa gbọ́ ariwo tèmi, tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kíkán wálé."

Ó ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ó ti gbé póǹpù kẹ̀kẹ́ mi pamọ́. Mo ti lọ ra òmíràn ní Ọjà Ọba.

Ṣé ẹ rántí bí ọ̀nà yẹn ṣe rí láyé òyìnbó, ní ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ kún kíláàsì yín débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé? Lọ́rì kò lè gba ibẹ̀, nítorí afárá onígi kò lè gbé e. Àwa ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ la ni ín. Èmi á jókòó sórí irin iwájú, àdá àti akèrègbè omi á wà lórí káríà lẹ́yìn. Òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò á máa fẹ́ wá láti inú oko. Bí a bá ń gun òkè, èémí yín á máa gbóná sí mi látàrí.

Ẹ kì í tẹ aago kẹ̀kẹ́. Ẹ ní ẹni tó ru ẹrù níwájú lè ta gìrì, kí ẹrù rẹ̀ dà nù. Orin ìjọ lẹ máa ń kọ láti òkèèrè, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ohùn yín kò dára, Bàbá. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ nísinsìnyí tí ẹ ò lè fa etí mi. Bí a bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ óò sọ̀ kalẹ̀. Lójú tiyín, ìgbéraga ni kí èèyàn wà lórí kẹ̀kẹ́ kó máa kí àgbà. Àgbà sì pọ̀ lọ́nà oko láàárọ̀, nítorí náà, títì lẹ ń ti kẹ̀kẹ́ ju gígùn lọ. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi yín ṣẹ̀fẹ̀:

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Tísà! Ṣé kẹ̀kẹ́ yìí ló ń gbé yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ ń gbé e?"

"A ń gbé ara wa ni o, ìyá."

Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá, níbi tí ọ̀nà ti já wálẹ̀ tààrà sí odò, ni Ìyá Oníṣu ti ń sun iṣu tà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Kò sígbà tí a débẹ̀ tí ẹ kì í sọ̀ kalẹ̀ kí i. Á bu iṣu fún mi, ẹ óò sì rọra ti kẹ̀kẹ́ títí a ó fi dé etí odò. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á fi kẹ̀kẹ́ sáré kọjá lára wa, ẹ̀wù wọn á máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo máa ń jowú wọn. Mo rò pé ọ̀wọ̀ àgbà ló ń dá yín dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Títí lọ síbi iṣẹ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde lọ dán an wò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa níbí. Mo dé orí rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mi ti sọ̀ kalẹ̀ kí n tó rán an níṣẹ́. Ojú tì mí, nítorí obìnrin kan ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí n óò kí. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo kí i.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi rántí pé Ìyá Oníṣu ti kú kí n tó wọ ilé-ìwé gírámà. Àtíbàbà rẹ̀ wó, koríko bo ojú ààrò. Síbẹ̀, ẹ ò yéé sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ óò tún fìlà yín dé, ẹ óò wo ibi tó máa ń jókòó sí, ẹ óò wá ti kẹ̀kẹ́ wálẹ̀.

Bàbá, ṣé ẹ̀rù ló ń bà yín? Ṣé ẹ̀yin náà máa ń lajú sílẹ̀ ní òru ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ máa ń ro búréèkì, tí ẹ máa ń ro ọmọ tó máa jókòó síwájú yín? Màámi máa ń bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni mo ti kọ́ àìbalẹ̀ ọkàn. Ẹ kì í dá sí i. Ẹ óò kàn máa nu kẹ̀kẹ́ yín lọ ni. Láti ìgbà náà ni mo ti rò pé èmi nìkan ni mo rí báyìí nínú ilé wa, pé bí ẹ bá rí inú mi, ojú á tì yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín, tí ẹ ṣì ń gbé mi gba ibẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

N kò bínú. Àyà mi fúyẹ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún Títí pé n óò ti kẹ̀kẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mi ò ní gùn ún.

"Ẹ ò ní tàn mí?"

"Bí bàbá mi ti ṣe é ni n óò ṣe é."

"Báwo ni bàbá yín ṣe ṣe é?"

"Wọ́n sọ̀ kalẹ̀."

"Ó dáa. Èmi á ti wọkọ̀ lọ dúró dè yín ní Ìgèdè, kí n gbé omi kaná de orúnkún yín. Ẹ má jẹ́ kó tutù o."

Orúnkún náà ṣì ń dùn mí. Mi ò tíì rí ẹni bá mi yẹ afárá wò. Ó lè má sí oorun fún mi títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi mọ́. Ṣùgbọ́n n óò lọ, Bàbá. Sátidé tó ṣáájú Àìkú Imọ̀ Ọ̀pẹ ni n óò gbéra, ní kété tí ojúmọ́ bá ti là.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì jọ yín.