Yèyé Mi, Òpó Ni Eyín Yìí, Kì Í Ṣe Òkú

Yèyé mi àtàtà,

Ẹ kú ulé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà mi kan ilẹ̀ tútù ìlú òyìnbó yìí. Mo kí Jùmọ̀kẹ́ àbúrò mi tó ń tọ́jú yín, mo kí ọkọ rẹ̀, mo kí gbogbo ará Ìkẹ́rẹ́ tó bá jókòó tì yín níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé yìí. Ní èdè Èkìtì tiwa, "ìwọ" la fi ń pe ìyá ẹni, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n ojú pọ̀ lára ìwé, ẹ jẹ́ kí n fi "ẹ̀yin" bọ̀wọ̀ fún yín.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì wa, kí ẹni tó bá rí i lè kà á sí yín létí, ni pé fóònù ti dà wá. Lọ́jọ́ Sunday tí Jùmọ̀kẹ́ mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó tẹ fóònù, ìlà náà ń dún bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ fún Jùmọ̀kẹ́ pé dókítà eyín ní eyín mi kan ti kú. Ohun tí Jùmọ̀kẹ́ wí fún yín ni pé ikú ti wọ ẹnu mi. Mo gbọ́ igbe yín. Ẹ ní kí n yọ ọ́ sọnù kíákíá, pé ẹnu tó ń súre fún ọmọ kò gbọdọ̀ gbé òkú. Kí n tó lanu, ìlà já. Ẹ kò tilẹ̀ béèrè eyín wo ni. Eyín èjí ni, Yèyé. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó pa èjí fún mi.

Láti ọjọ́ náà, oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ Òjó agégẹdú láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ títí kan Emùré? Igi tí àwọn ọkùnrin bá wò tí wọ́n mi orí, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Kò sí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún mi, èmi ni mo gbé ara mi dé London. Lónìí, èmi ni ọ̀gá àwọn tí ń fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì ńlá kan. Bí mo bá ní bọ́ọ̀sì kan kò mọ́, kò ní jáde, ìbáà jẹ́ òyìnbó ló fọ̀ ọ́.

Eyín náà kò ṣàdédé kú. Nígbà tí àwa ọmọ Èkìtì tó wà níbí kóra jọ láti yọ̀ pé a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, wọ́n gbé ìgò mọ́ọ̀tì jáde, wọn kò rí nǹkan tí wọn yóò fi ṣí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá ṣíbí kiri. Mo dìde. Alíù ọ̀rẹ́ mi, ará Ìsẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ń ra kòkó lọ́wọ́ wa láyé ọjọ́un, ní kí n rọra, pé eyín àgbàlagbà kì í ṣe irin. Mo ní àwọn ará Ìsẹ̀ ló ń tọ́jú eyín fún iyán, tiwa ní Ìkẹ́rẹ́ wà fún iṣẹ́. Mo fi eyín fa ìdérí náà, ó fò, ilé hó yèè. Ó ṣí, Yèyé! Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò ṣí, irọ́ ló pa.

Àfi bí eyín náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú díẹ̀díẹ̀, bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí òtútù dé, ó di ogun. Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ tiwa tó ń gbẹ ètè lásán. Inú egungun ló ń gbé. Èrìgì mi wú, ètè mi wú, mo dà bí ẹni tó gbé obì sẹ́nu tí kò rí ibi tutọ́ sí. Èmi tí mo ń jẹ iyán uṣu tuntun láìfi omi tì í, ògì ni mo ń mu. Níbi iṣẹ́, mo ń fi aṣọ wé ẹnu kí àwọn tí mo ń pàṣẹ fún má baà rí omi lójú ọ̀gá wọn. Bí mo bá padà dé yàrá, kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́. Bí mo bá kérora, ògiri ló ń dá mi lóhùn.

Alíù ló wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Obìnrin ni, kékeré, ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Mo sọ fún un pé n kò nílò abẹ́rẹ́ kankan, pé agégẹdú ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gún mi. Yèyé, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí mo rí fún yín. Ó ti nǹkan pẹlẹbẹ kan bọ ẹ̀yìn eyín mi, ẹ̀rọ kan ya fọ́tò, kí n tó mí, gbòǹgbò eyín mi ti yọ lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, bí gbòǹgbò igi tí àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Ó nawọ́ sí ibi tó ṣókùnkùn nídìí pátápátá, ó ní ọyún ni, pé ibẹ̀ ni ìrora mi ń gbé. Ó fi rọ́bà aláwọ̀ ewé bo gbogbo ẹnu mi, eyín kan ṣoṣo náà ló yọ síta, bí igi tí wọ́n dá sí láàrin oko. Ó wá mú irin kan tó tín-ín-rín bí irun, ẹ̀rọ ló ń yí i, ó sì ń tẹ̀ bí ihò gbòǹgbò ṣe tẹ̀, kò kán. Ayùn ni mo fi jẹun láyé mi, n kò rí ayùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rọ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ké pí-pí-pí bí irin náà ṣe ń súnmọ́ ìdí gbòǹgbò. Ojú kò lè débẹ̀, ẹ̀rọ ló ń gbọ́ ọ. Bó ṣe kù díẹ̀ kó yọ jáde, igbe náà yí padà, obìnrin náà dá ọwọ́ dúró. Kò dùn mí rárá.

Ó fọ inú rẹ̀, ó fi oògùn sí i, ó dí ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ohun tó kù ni kí òun fi oje igi kan, bíi ti igi rọ́bà tiwa, dí ihò náà pa, eyín náà yóò sì wà lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ni ẹ tẹ̀ mí láago, tí ẹ ní kí n yọ ọ́. Mo padà lọ sọ fún un pé kó dúró ná, ìyá mi ti fọhùn. Ó ní òun kò rí ẹni tó hewú báyìí tó ń gbàṣẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Mo ní nítorí pé kò tíì dé Ìkẹ́rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó kìlọ̀ fún mi. Ó ní oògùn inú rẹ̀ kì í pẹ́, pé bí ọyún bá padà, àfi kí òun yọ ọ́. Láàárọ̀ yìí, èrìgì mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì.

Yèyé, mo bẹ̀ yín. Èmi Òjó tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni, mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ jókòó sí. Òpó ugi ayan tí bàbá mi fi gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dúró ń bẹ níbẹ̀. Ugi náà ti kú kí wọ́n tó bí Jùmọ̀kẹ́. Kò ní gbòǹgbò, kò ní ewé, kò mu omi mọ́. Ta ló ti wí rí pé òkú ń bẹ nínú ulé wa? Ẹ̀ ń fẹ̀yìn tì í, ẹ sì ń súre fún ọmọ yín níbẹ̀. Ohun tí dókítà yìí fẹ́ ṣe nìyẹn: kó kó ohun tó jẹrà kúrò, kí ugi dúró. Jùmọ̀kẹ́ ló pè é ní ikú. Òpó ni.

Alíù ní kí n jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n ki eyín àtọwọ́dá síbẹ̀, pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo ní ẹnì kan wà tí yóò mọ̀. Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, ojú yín ti ṣú tán, ẹ kò ríran mọ́, ẹ kò sì gba ohùn mi gbọ́. Ẹ ní ohùn òyìnbó ni, pé àwọn gbájú-ẹ̀ ti wá. Gbogbo ulé búra fún yín, ẹ kọ̀. Ẹ wá ní kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ìka yín wá àárín eyín mi, ìka náà wọ inú èjí, ẹ sì pariwo pé èmi ni, pé èjí tí ẹ̀yin fún mi nìyẹn. Eyín kan kò lè dá pa èjí, Yèyé. Bí ọ̀kan bá lọ, ihò lásán ni ìka yín yóò bá, ihò sì wà lẹ́nu gbogbo arúgbó. Kí ni ẹ ó wá fi mọ̀ mí?

Bí wọ́n bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ jẹ́ kí Jùmọ̀kẹ́ mú yín padà síbi fóònù. Ẹ ní kó gbé e fún yín, kó má bá mi sọ nǹkan kan. Bí ìlà bá ń rọ̀jò, ọ̀rọ̀ kan ti tó. Ẹ ní "Dúró." Ẹ má wí i fún mi. Eyín náà ni kí ẹ wí i fún.

Olúwa yóò dá yín sí, ẹ ò ní fọwọ́ wá ọmọ tì. Mo kí ará ulé, mo kí ará ọjà, mo kí gbogbo ìjọ.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ fi ìka mọ̀,
Òjó.