Bí Mo Ṣe Mú Bàbá Àjíṣafẹ́ Fẹ̀yìn Rìn

Ilé Èṣùbíyì,
Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1993.

Ọlámilékan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń ṣe àgùnbánirọ̀ ńkọ́? Mo rí màmá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara wọn le. Wọ́n ní o ti sanra. N kò gbà, mo mọ irú oúnjẹ tí ò ń sè. Ara tèmi náà le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O ti gbọ́ pé Bàbá Àjíṣafẹ́, lánlọ́ọ̀dù wa àtijọ́ ní Mọdákẹ́kẹ́, ti papò dà. Ohun tí o kò tíì gbọ́ ni ohun tí mo fi fídíò ṣe fún ìdílé wọn.

Nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò, tí ìlú jáde ṣe ìwọ́de, mo gbé kámẹ́rà ṣíwájú wọn. Bàbá wà níwájú, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n mú ẹ̀ka dongoyárò lọ́wọ́, wọ́n ń kọrin bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo wá ń to fídíò náà, mo rò pé bí mo bá fi í hàn bó ṣe rí, kò yàtọ̀ sí ìròyìn. Ni mo bá yí gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn: àwọn èèyàn ń fẹ̀yìn rìn, ewé ń kúrò lọ́wọ́ wọn padà sórí igi, orin kò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Mo fẹ́ fi sọ pé àwọn ṣọ́jà ti dá wa padà sẹ́yìn ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní yunifásítì, orí mi sì wú.

Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ Bàbá ku ọ̀la, Àmínátù, àbígbẹ̀yìn wọn, wá bá mi. Ó ní fọ́tò nìkan ni àwọn ní, kò síbi tí Bàbá ti ń rìn. Téèpù tí mo kọ́kọ́ yà wà nínú àpótí mi. Èyí tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ni mo mú lọ.

Lọ́jọ́ àdúrà náà, gbogbo ilé pé jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, Ìyá Àmínátù nínú aṣọ opó. Bàbá yọ. Wọ́n kọjú sí wa, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn lọ, wọ́n ń kéré sí i títí èrò fi bò wọ́n. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìnnálíláhì, ẹnì kan sì pa tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìjọba, Ìyá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìyá kò pariwo.

“Fikáyọ̀,” wọ́n ní, “láti ogójì ọjọ́ ni mo ti ń sọ fún ara mi pé Bàbá Àmínátù ò mọ̀ pé àwọn ń lọ. O wá jẹ́ kí n rí wọn. Wọ́n ń wò mí, wọ́n sì ń lọ.”

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹyin ni àwòrán náà. Ní ọjọ́ kejì mo sáré gbé téèpù àkọ́kọ́ lọ. Ìyá wò ó tán: Bàbá ń bọ̀, orin wọn já gaara. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi ìgbà tí mo ń bá wọn palẹ̀ abọ́ mọ́.

“Ó dára, ọmọ mi,” wọ́n ní. “Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, ti àná ni mò ń rí.”

Ó dùn mí, Lékan, ó dùn mí gan-an. N kò tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà láti ìgbà náà. Bá mi kí Mojíre, àfẹ́sọ́nà rẹ, bó bá wá kí ọ. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí Ìyá. Ọ̀rọ̀ tìrẹ lè tù wọ́n nínú, tèmi kò lè ṣe é mọ́.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀,
Fikáyọ̀