Yàrá tí Mo Ní Kí Ẹ Dúró Dè

Bàbá mi, ẹni tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín dáadáa. Inú ń bí mi ni mo fi jókòó ti ìwé yìí. Wolé-wolé ìjọba tún wá yẹ básìmẹ́ǹtì ilé mi wò láàárọ̀ yìí, ó tún ní kò dára. Ìgbà kẹta nìyí. Ó fi téèpù wọn fèrèsé yàrá, ó mi orí, ó tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fèrèsé tí mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là kí wọ́n tó lè gé ògiri kọnkéré fi í sí, ó ní ó fi íńṣì méjì jìnnà sí ilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pé bí iná bá ṣẹ́ yọ, àgbàlagbà kò ní lè gba ibẹ̀ jáde. Íńṣì méjì, Bàbá! Kò ju gígùn páálí ìṣáná kan lọ. Ọkùnrin náà kò ṣe mí ní ibi kankan, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí orí mi gbóná sí i, nítorí mi ò rí ẹni tí mo lè bá jà.

Ẹ ò dé ilé yìí rí, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún yín. Àdúgbò kan tó ń jẹ́ Lake Arbor níbí ló wà. Ilé alájà méjì ni, yàrá ńlá kan sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí apá kan rẹ̀ wọlẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní básìmẹ́ǹtì. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, nítorí náà ẹ̀yìn básìmẹ́ǹtì náà ní ilẹ̀kùn tó jáde sórí koríko tààrà, láìsí àtẹ̀gùn kankan. Ilẹ̀kùn yẹn ló jẹ́ kí n ra ilé náà. Orúnkún yín ni mo rò. Àmọ́ nígbà tí a rà á, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ ibẹ̀ ju ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, òpó irin méjì, àti hítà ńlá tó máa ń kùn ṣáá. Tó bá di oṣù Kìíní, tí yìnyín bá bo koríko, òtútù ilẹ̀ yẹn máa ń la bàtà kọjá wọ eegun ènìyàn.

Mo pe ilé-iṣẹ́ kan. Ọmọ òyìnbó kan wá, ó rìn yí ká, ó fi ìwé ránṣẹ́: ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́rin dọ́là. Yàrá kan fún ẹ̀yin àti Màmá, balùwẹ̀ kan, pálọ̀ kékeré kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni òun yóò fi parí rẹ̀. Mo ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí ìwé náà padà wò bóyá wọ́n fi ilé mìíràn kún un lẹ́yìn. Ìyàwó mi ní ká lọ yáwó ní báńkì bí àwọn aládùúgbò wa ṣe ń ṣe. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní bàbá mi kọ́lé láìyá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀nà tí bàbá mi gbà lèmi náà máa gbà. Ẹ wo ẹnu mi.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ ilé Ológunẹrú? Ọdún mẹ́tàlá gbáko. Tí wọ́n bá ti san owó oṣù, ẹ ó ra àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin, bíríkìlà yóò to búlọ́ọ̀kù ìlà méjì, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ìṣó tó bá ti wọ́, ẹ kì í sọ ọ́ nù. Ẹ ó gbé e lé òkúta, ẹ ó fi òòlù nà án títí yóò fi tọ́, ẹ ó sì jù ú sínú agolo mílíìkì. Bí ẹ bá wọ ilé onílé, kí ẹ tó jókòó, ẹ ó ti fi ìka kan ògiri wọn, kó kó kó, kí ẹ lè gbọ́ bóyá wọ́n fi sìmẹ́ǹtì sí i dáadáa. Màmá á máa fi ojú sọ fún yín pé kí ẹ jọ̀ọ́. Ta ló kọ́ yín níyẹn? Mi ò bi yín rí.

Nígbà tí onílé wa ní Mọ́kọ́lá lé wa jáde, yàrá méjì péré ló ní òrùlé nínú ilé yín. Ẹ kó wa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí àjà, páànù ló ń wò wá láti òkè. Pákó lẹ fi dí fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò tíì rẹ́ ògiri, eruku búlọ́ọ̀kù ló máa ń wà lẹ́yìn yúnifọ́ọ̀mù mi. Ibẹ̀ la ti jẹun, tí a sùn, tí ẹ̀yin sì ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ́díò kó tó sọ̀rọ̀, títí ìyókù fi parí yí wa ká.

Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ tèmi nìyẹn. Mo gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún àkọ́kọ́ mo ra igi, Díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa sì bá mi fi to egungun ògiri. Káfíńtà gidi ni, àmọ́ Sátidé nìkan ló máa ń ráyè. Owó tán, a dúró. Nígbà tí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó orí mi, a pe ẹni tó bá wa fa wáyà, a gbé páìpù omi gba inú ògiri. Àbúrò mi wọ yunifásítì, a tún dúró. Nílé wa, ilé tó dúró kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Koríko á hù níbẹ̀, ewúrẹ́ á wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí owó bá dé, o ó lé ewúrẹ́ jáde, o ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ta ni yóò sọ fún mi pé ìwé àṣẹ máa ń kú níbí? Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké pé bí iṣẹ́ bá dá dúró pẹ́ láìjẹ́ pé wolé-wolé wá wò ó, ìwé náà kò wúlò mọ́. Mi ò kà á. Èmi tí mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Largo, tí mò ń pariwo lójoojúmọ́ pé àwọn ènìyàn kì í ka ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ sí wọn.

Lẹ́yìn náà ni físà yín àti ti Màmá jáde. Inú mi dùn débi pé mo ya wèrè. Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bẹ Díákónì kó bá mi yára, nítorí oṣù Kẹrin lẹ ń bọ̀. Ó ní, “Brother mi, ẹ má worry rárá. Before New Year, Daddy ti ní room.” Lóòótọ́ ló sì ṣe é. Ó ki òwú sáàárín ògiri kí òtútù má bàa wọlé, ó fi pátákó funfun bò ó, ó dí gbogbo rẹ̀ pa, mo fi ọwọ́ ara mi kùn ún ní ọ̀dà. Ó dára lójú. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní ó dà bí ilé gómìnà.

Nígbà tí wolé-wolé dé, kò wo ọ̀dà mi. Ó béèrè pé ta ló ti wo wáyà àti páìpù inú ògiri kí a tó bò ó. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ó béèrè ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ ti kú. Ó ní ká tú ògiri náà kí òun lè rí inú rẹ̀. Mo wo Díákónì, Díákónì ń wo ilẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ẹni tó ń gbé àwo ọrẹ wá síwájú mi lọ́jọ́ Ìsinmi jà? Mi ò tilẹ̀ bá a kọ ìwé àdéhùn. Tí o bá ní kí ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ buwọ́ lùwé kó tó bá ọ ṣiṣẹ́, ohun tí o ń sọ fún un ni pé o fura sí i. Títí di òní, ẹ̀rín lèmi àti ẹ̀ ń rín síra wa, inú mi á sì máa hó.

Ìgbà yẹn ni mo pè yín pé kí ẹ dúró di oṣù Kẹjọ. Màmá ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní pálọ̀ mi ńkọ́, ṣé kò gba bẹ́ẹ̀dì ni? Ẹ ní yàrá tí kò parí kò dí yín lọ́wọ́ oorun rí. Mo jágbe mọ́ yín, Bàbá. Mo ní ẹ má sọ ilé mi di Ológunẹrú. Ẹ wá béèrè bóyá àwọn ọmọ ti dé láti iléèwé. Kí ló wà lọ́kàn yín bí ẹ ṣe yí ọ̀rọ̀ padà yẹn? Ṣé ó dùn yín? Ó yẹ kí n pè yín padà lójú ẹsẹ̀, mi ò pè. Mo lọ ń ka iye tí pátákó tuntun yóò jẹ́.

Oṣù Kẹfà lẹ kú.

Owó pátákó náà ni mo fi wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sin yín. Nínú àpò tí ẹ ń kó rìsíìtì sí, mo rí páásípọọ̀tù yín, físà náà ṣì ní oṣù púpọ̀ nínú. Ẹ ti ki ìwé kékeré kan bọ inú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yín kọ nọ́ńbà ilé mi àti orúkọ òpópónà mi sí i, bí ẹni tó fẹ́ júwe ọ̀nà fún awakọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá yín, mo sunkún títí Màmá fi wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Fún odidi ọdún kan, mi ò lè sọ̀kalẹ̀ lọ sí básìmẹ́ǹtì. Ìyàwó mi ló ń lọ dín hítà kù tó bá ń pariwo. Ní ọdún yìí mo tún bẹ̀rẹ̀: ìwé àṣẹ tuntun, oníná tó ní láísẹ́ǹsì, púlọ́ḿbà tó ní láísẹ́ǹsì, wọn kò sì bojú àánú wò mí. Wọ́n tún sọ fún mi pé yàrá tí ènìyàn yóò máa sùn kò gbọdọ̀ ṣàìní fèrèsé tó ṣeé sá gbà. Mo ti ná ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́rin dọ́là. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sí ti ọmọ òyìnbó ọjọ́ kìíní yẹn. Mo ti kọjá rẹ̀, mi ò sì tíì ní àjà.

Ó sú mi. Àmọ́ kì í ṣe owó ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Gbogbo ènìyàn ni mo ń sọ fún pé ọ̀nà yín ni mo tọ̀, irọ́ sì ni. Ẹ̀yin kọ́ ilé yín díẹ̀díẹ̀, ẹ sì ń gbé inú rẹ̀. Èmi kọ́ tèmi díẹ̀díẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Mo ń fi orúnkún yín ṣe àwáwí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láti ìgbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń gbọn eruku ilé wa kúrò lẹ́yìn mi tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni ojú ti ń tì mí. Mo fẹ́ kí ẹ dé ibí, kí ẹ má rí ibì kan tó ku díẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ padà lọ ròyìn ní ìpàdé àwọn onílé. Mo ti ju ẹni ogójì ọdún lọ, Bàbá, ojú ṣì ń tì mí.

Màmá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yìí. Òun ti gba físà tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo mọ̀ pé fèrèsé náà lè má yege, mo pè é, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu mi pé kó ní sùúrù di ìgbà tí yàrá bá parí. Kí n tó sọ ọ́, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ yín fún mi. Ó ní, “Bàbá yín lórí kunkun. Ṣebí o ní ká máa bọ̀ nígbà yẹn. Òun ló ní òun ò lọ, òtútù pọ̀ jù, ká dúró di oṣù Kẹjọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.” Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ ní ìpàdé onílé. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ fún àbúrò mi. Ó ní òun ṣì ń bínú sí yín nítorí rẹ̀, pé ẹ fi agídí du ara yín ní àwọn ọmọ-ọmọ yín.

Mo ṣáà ní kó máa bọ̀.

Kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí mo sọ sí yín yẹn?

Lẹ́yìn tí wolé-wolé lọ láàárọ̀ yìí, èmi àti ìyàwó mi gbé tábìlì oúnjẹ kúrò ní pálọ̀, a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, a ta aṣọ yí i ká. Kò dára lójú, ó sì gbóná dáadáa. Ibẹ̀ ni Màmá yóò sùn. Ní Ọjọ́bọ̀, kó tó tú ẹrù rẹ̀, màá jókòó tì í, màá sì sọ fún un pé ẹ̀yin ti ṣe tán láti wá, pé èmi ni mo ní kí ẹ má wá. Bó bá fẹ́ bínú, èmi ni kó máa bá bínú.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ bo àṣírí rẹ̀, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.