Pupa Ìyẹ́ Àlùkò

Lagos Town,
Accra.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Treasure ọmọ mi,

Bí bàbá bá ba orúkọ àgbàlagbà jẹ́ lójú ọmọ rẹ̀, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀, àgbàlagbà náà ni àbí ọmọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo lérò pé ara rẹ le ní ilé ẹ̀kọ́ ní Cape Coast, àti pé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀. Àlàáfíà ni èmi àti màmá rẹ wà, àyàfi pé ojú ń tì mí.

O rántí ìyẹ́ àlùkò mẹ́ta tí Bàbá Àdìgún, télọ̀ iwájú ilé wa, fún ọ fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Ó ṣà wọ́n nílẹ̀ nínú igbó etí odò, ní abúlé ìyàwó rẹ̀. Ìwọ lo kọ́ mi pé bí àlùkò bá bà sórí igi tó pa apá mọ́ra, àwọ̀ bí aró là ń rí. Ìgbà tó bá fò ni pupa apá rẹ̀ tó ń yọ.

Mo rí eruku lára wọn, mo sì fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n láìsọ fún ọ. Omi náà pọ́n bíi sóbólò, omi ìṣápá tí o máa ń mu. Ọ̀sán gangan ni mo gbé abọ́ náà sọdá títì, mo gbé e ka orí tábìlì Bàbá lójú àwọn oníbàárà. Mo ní, "Bàbá, ìyẹ́ adìẹ lẹ rẹ láró, tí ẹ fi tan ọmọ mi jẹ." Abena tó ń ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àwọn ará ibí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fi èdè Twi sọ pé, "Wòfà Àdìgún, aṣọ ò tó ẹ rán mọ́, o ti ń kun adìẹ lọ́dà?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wo inú abọ́ náà pẹ́. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé." Mo kà á sí pé ó ti jẹ́wọ́.

Ìwọ nìkan lo sọ pé, "Dádì, ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ yẹn rí." Mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo ní kí o yọ orúkọ Bàbá, tí o kọ pé òun ló fún ọ ní ìyẹ́, kúrò nínú iṣẹ́ rẹ, n kò sì jẹ́ kí o dágbére fún un kí o tó wọ mọ́tò. Èmi tí mo ń ṣiyèméjì ohun gbogbo, tó fi mọ́ ìwàásù pásítọ̀ wa, n kò ṣiyèméjì ara mi rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka ìwé kan nípa àwọn ẹyẹ igbó. Ó ní bàbà, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, wà nínú pupa ìyẹ́ àlùkò. Òun àtàwọn ìbátan rẹ̀ nìkan ló ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò kì í fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n omi ọṣẹ ń tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé àlùkò ló losùn. Mo rò pé oríkì lásán ni.

Lánàá, mo lọ bẹ Bàbá. Mo dúró títí ó fi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, tí Abena ti kó igbá rẹ̀ lọ, kí n tó dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò ní kí n dìde. Ó ń ká téèpù rẹ̀. Ó ní, "Rótìmí, ọ̀sán lo fi bú mi. Ṣé alẹ́ lo fẹ́ fi bẹ̀ mí?" Oníbàárà méjì ti wá gba aṣọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń kun adìẹ lọ́dà lè pààrọ̀ aṣọ àwọn.

Màmá rẹ kò tíì gbọ́. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Dá orúkọ Bàbá padà sínú iṣẹ́ rẹ, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà. Lọ́sàn-án òní, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá kún, màá lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ibẹ̀, màá sì sọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù Abena ń bà mí ju ti ọ̀gá mi ní báńkì lọ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọgbọ́n tó ní ìtẹríba nínú. Kí ìwé tí o ń kà má sọ ọ́ di adití.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Olúrótìmí Àrówólò.

Àfikún: Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá bèèrè ibi tí pupa ìyẹ́ náà lọ, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa iná orí tábìlì.