Idà Tí O Fẹ́ Fi Ṣá Àna Wa

Yàrá àlejò,
Ilé rẹ ní Ellenwood, Amẹ́ríkà,
Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Fọlábí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé iṣẹ́ kò pa ọ́ lára? Bí o bá bèèrè èmi náà, ara mi le, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ nìkan ló ń bá mi jà, búláńkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo sì fi ń dá a lóhùn. Ọlọ́run tó mú ọ dé ilẹ̀ yìí kò ní já ọ jù sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, àmín. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà sí ọ nígbà tó jẹ́ pé inú ilé kan náà ni a wà. Ó di ọjọ́ méjìdínlógún tí mo ti dé láti Ìfẹ̀tẹ̀dó, bí mo bá jí o ti lọ síbi iṣẹ́, bí o bá dé èmi ti sùn. Lóòótọ́ o sọ fún mi pé bí mo bá ń wá ọ kí n tẹ agogo ẹnu ọ̀nà, pé kámẹ́rà wà nínú rẹ̀, pé ojú rẹ wà níbẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń jáde lọ kí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo kí i, mo bi í bóyá ó ti jẹun, mo dúró títí, kò fèsì. Obìnrin aládùúgbò kan tó ń fa ajá kọjá bá mi níbi tí mo ti ń gbàdúrà fún agogo náà, ó ní ṣé kí òun bá mi pe ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń bá agogo sọ.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó pè níjẹta, ó ní òjò ti dá díẹ̀, kòkó ń so dáadáa, ìyàwó Saubana tó ń bá wa ṣọ́ oko ti bí ìbejì, àwọn ará ìjọ sì ń bèèrè bóyá mo ti rí yìnyín. Mo ní inú fíríìjì rẹ ni mo ti rí i.

Fọlábí, mo ti ṣe ohun kan, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni o ti gbọ́ ọ.

Joanna, ọ̀rẹ́ Ìbùkúnolúwa ìyàwó rẹ, tó ń bá yín ṣètò ìgbéyàwó, ló wá síbí lọ́jọ́ Ajé. Ó mú ìwé ìpè àti fọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́, ó ní èmi nìkan ni n kò tíì kọ tèmi. Mo wọ dígí mi. Mo kọ́kọ́ rí i lórí ìwé ìpè pé wọ́n kọ Pléyà Kìíní sábẹ́ orúkọ Ìbùkúnolúwa, wọ́n kọ Pléyà Kejì sábẹ́ tìrẹ. Ọmọ tí mo bí, wọn kò tíì so yín pọ̀, o ti di igbákejì nínú ilé ara rẹ! Mo tún wo abẹ́ orúkọ rẹ, mo rí ọkàn pupa mẹ́ta tí wọ́n yà síbẹ̀, ọ̀kan ti ṣófo bí ikarahun ìgbín. Mo bi Joanna kí ni èyí. Ó ní ẹ̀mí mẹ́ta ni Fọlábí ní, pé o ti lo ọ̀kan. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé o ti lo ọṣẹ kan nínú mẹ́ta. Ó ní géèmù orí tẹlifíṣọ̀n tí ìwọ àti ìyàwó rẹ fẹ́ràn jù ni ẹ fẹ́ fi ṣe gbogbo ìgbéyàwó náà, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú rẹ̀ nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù yẹn ló wá fẹ́ mú mi ṣubú. Wọ́n ní kí àlejò kọ̀ọ̀kan mú ohun tó fẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ náà: jagunjagun, oníwòsàn, tàbí olè. Mo bi Joanna bóyá ó ṣì í kọ ni. Ó ní rárá o, pé olè gan-an ni àwọn èèyàn ń mú jù, pé èèyàn mẹ́tàlélógún ti forúkọ sílẹ̀, títí kan ìyá Ìbùkúnolúwa. Ìyá ìyàwó! Obìnrin tó ń darí ìpàdé àdúrà! Èmi tí mo ti ń ti ilẹ̀kùn ilé pinpin láti ọdún pípẹ́ nítorí olè, ẹ̀yin ń fi ìwé pè wọ́n wá jẹun.

Mo wá bèèrè ohun tí bàbá ìyàwó yóò jẹ́. Ó ní òun ni ọ̀gá ìkẹyìn. Inú mi dùn díẹ̀, mo ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, àna ni ọ̀gá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà gbẹ̀yìn nínú géèmù ni, pé ìwọ yóò yọ idà sí i lójú gbogbo èèyàn ní gbọ̀ngán, o ó ṣẹ́gun rẹ̀, yóò ṣubú lulẹ̀, ìgbà náà ni o ó tó gba ìyàwó rẹ lọ. Ní tiwa, ọkọ ìyàwó ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àna. Ní tìrẹ, àna ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ìyàwó, pẹ̀lú ọgbẹ́.

Bí Joanna ṣe jáde ni mo pe àna wa Oyèkànmí, bàbá ìyàwó, ní Covington. Mo tẹ ibi tí àwòrán rẹ̀ wà lórí fóònù, mo gbé e sétí, àṣé fídíò ni, ihò etí mi ni bàbá náà ń wò ní gbogbo àkókò tí mo fi ń sọ fún un pé kí ó sá. Mo ní àwọn ọmọ wa fẹ́ fi idà ṣá a. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé ìpè ló sọ. Àṣé wọn kò tíì sọ fún un, wọn kò sì tíì fi ìwé ìpè hàn án, ọjọ́ Àìkú yìí ni Ìbùkúnolúwa fẹ́ rọra bá a sọ ọ́. Ó pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà. Ó ní òun kò tọ́ ọmọ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí ẹnì kan wá bi òun ṣubú lójú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣètò ohunkóhun mọ́, pé kò sí ìgbéyàwó.

Èmi ni mo fà á, ọmọ mi.

Lọ́sàn-án àná, nígbà tí o wà ní ọsibítù lẹ́nu ṣífìtì rẹ, àna wa wá síbí tòun ti ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sí etí àga, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó kọ̀ kò gba omi. Ó ní kí Ìbùkúnolúwa sọ fún òun ohun tí géèmù ń wá nínú ìgbéyàwó ọmọ ènìyàn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sáàárín àwa méjèèjì. Ó ní irọ́ ni àwọn pa fún bàbá òun, pé kì í ṣe níbi ìpàdé ọ̀dọ́ ni ẹ ti pàdé bí ẹ ṣe sọ. Ó ní inú géèmù ni, pé oṣù mẹ́jọ lẹ fi jọ ṣeré láìmọ ojú ara yín, ohùn lásán, òun ní Covington, ìwọ nínú yàrá abẹ́ ilé kan ní Riverdale, nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí o kò mọ ẹnì kankan. Ó ní òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ eré náà, ìdí nìyẹn tí òun fi jẹ́ kìíní. Ẹni kejì ni ẹni tó wọlé wá kí ẹni kìíní má baà máa dá ṣe é.

Ó ní lóṣù kìíní ọdún kẹta sẹ́yìn, o kò wá fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta o wọlé, ṣùgbọ́n o kò sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin kékeré tó dúró fún ọ nínú géèmù náà dúró sétí odò, òjò ń rọ̀ lé e lórí, kò yẹsẹ̀. Ó pè ọ́ títí. Kò gbọ́ ohùn, èémí ló gbọ́, èémí tó ń há bí ìgbà tí wọ́n ń fa igi lórí yanrìn. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ó mọ ohun tí irú èémí bẹ́ẹ̀ ń wí. Ó ní o ti fún òun ní àdírẹ́sì rẹ rí nígbà tí òun fẹ́ fi gàrí ránṣẹ́ sí ọ, àdírẹ́sì náà ni òun fi pe àwọn pàjáwìrì, tí òun sì wa mọ́tò láti Covington lọ bá wọn. Wọ́n ti já ilẹ̀kùn kó tó dé. Òtútù àyà. Ó ní orí ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé ọ jáde ni òun ti kọ́kọ́ rí ojú rẹ láyé, pé dókítà ní bó bá pẹ́ sí i díẹ̀, ó ti bọ́. Ọkàn tó ṣófo lórí ìwé ìpè nìyẹn.

Fọlábí ọmọ mi! O sọ fún wa nígbà náà pé fóònù rẹ já sómi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ pé o ti gbàgbé ilé, pé ọmọ tó bá dé Amẹ́ríkà etí rẹ̀ a di. Mo bú ọ, o wà lórí ibùsùn, o gbọ́ ọ, o sì fèsì pé kí n má bínú. Dárí jì mí.

Àna wa gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó ní kí n fún òun lómi. Lẹ́yìn náà ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá idà náà wúwo. Ọmọ náà ní fóòmù ni, bíi ti inú ìrọ̀rí. Àna wa ní ó dáa, òun yóò ṣubú, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíákíá, pé kí o jẹun dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí òun yóò kọ́kọ́ lé ọ yí gbọ̀ngán ká. Ó ní kí wọ́n ra ìwo méjì tí òun yóò dé sórí bíi ti ọ̀gá ìkẹyìn, kó gùn dáadáa. Ìgbéyàwó yóò wáyé nìyẹn. Mo kọ fọ́ọ̀mù tèmi lójú wọn, oníwòsàn ni mo mú, n kò lè bá ìyá ìyàwó jalè.

Ohun tó kù nìyí. Ìyá rẹ kò mọ ohunkóhun nípa àìsàn yẹn, n kò sì ní lè sọ ọ́. Ìwọ ni kí o pè é, kí o jókòó kí o tó pè, kí ó rí ojú rẹ bó ṣe ń gbọ́. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì, Joanna ní aṣọ funfun gígùn ni oníwòsàn ń wọ̀, mo sì fẹ́ ra gèlè olówó gọbọi kan fún Ìbùkúnolúwa, láti ọwọ́ mi, kì í ṣe láti ọwọ́ rẹ. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi ti ìbejì Saubana kún un.

Ọlọ́run yóò sọ ìgbéyàwó yín di ilé. Ìyàwó rẹ kò ní fi ojú sunkún rẹ, ìwọ náà kò ní fi ojú sunkún rẹ̀. Ẹ̀mí méjì tó kù, wàá fi wọ́n darúgbó. Bí ara rẹ kò bá sì yá, ọmọ mi, má ṣe sọ fún mi pé fóònù já sómi. Ké sí mi. Mo ti darúgbó, ṣùgbọ́n mo lè gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọlọ́runṣọ́.