Àgbàdo Tí Mo Fọ̀ fún Sísí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹjọ, 2025

Àna mi dé láti Igbemọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àpò àgbàdo méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀, Màmá jókòó tì wọ́n bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báǹkì. Wọ́n ní ti Sísí ni. Kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti Moní ìyàwó mi tí wọ́n bí lọ́mọ. Ti ẹṣin mi.

Láti ọjọ́ tí Sísí ti gbé wọn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé nígbà tí wọ́n pé àádọ́rin ọdún, tí gbogbo Igbemọ tú jáde wá wò wọ́n lórí ẹṣin funfun, wọn ò pè é lẹ́ran mọ́. Ọmọ mi ni wọ́n ń pè é. Èmi gan-an ò rí irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo tú àpò. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi — bíi yàrá tí òjò ń jò sí. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, inú rẹ̀ móoru. Àgbàdo ti bu. Funfun níhìn-ín, pupa rúsúrúsú lọ́hùn-ún, eruku rẹ̀ gbà mí nímú. Mo gbójú sókè, Màmá ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣẹ́ ẹ lóko, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi yín in.

Kí ni kí n wí? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní àgbàdo yìí mà dára o, Màmá, ẹ ó jẹ èrè ọmọ pẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ

Moní bi mí bóyá àgbàdo náà dára. Mo ní ó dára gan-an. Irọ́ lọ́jọ́ ìsinmi.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fẹ́ dà á nù. Níbo? Bí mo bá dà á sẹ́yìnkùlé, Moní á rí i. Bí Moní bá rí i, Màmá á gbọ́. Ta ló máa wá kọjú sí ìyá ìyàwó ẹ̀, kó ní ẹ̀bùn tí ẹ gbé wá ti bàjẹ́? Bàbá mi ì bá dìde nínú sàréè.

Mo wá dọ́gbọ́n sí i. Mo dà á sínú ọpọ́n ńlá, mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo fọwọ́ ra á títí omi fi mọ́. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe ẹ̀wà tó bá bu nìyẹn, a ó sì jẹ ẹ́, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan. Mo sá a sórí tapólì. Òjò dé. Mo kó o wọlé. Òjò dá. Mo tún sá a. Èmi àti oòrùn Adó ti di ọ̀tá.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Ó gbẹ. Àwọ̀ burúkú yẹn ti lọ, òórùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Inú mi dùn sí ara mi.

Sísí fi imú tì í sẹ́yìn. Mo pò ó mọ́ dúsà — èèrí àgbàdo tó fẹ́ràn — mo wọ́n iyọ̀ sí i. Ó wò mí. Ó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n háyà Sísí fún ìgbéyàwó ní Ìyìn. Mo fọ Sísí, mo so rìbọ́ńnù mọ́ gọ̀gọ̀ rẹ̀. Ìyàwó ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbé e gun gàárì, ṣùgbọ́n Sísí dúró jẹ́ẹ́ bí àgbà ìjọ. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ ní sùúrù. Kì í ṣe èmi.

Màmá pè lálẹ́. Wọ́n ní ṣé ọmọ àwọn ń jẹ àgbàdo àwọn? Mo gbé fóònù sẹ́nu Sísí kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń rún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Sísí ò parí oúnjẹ. Ó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ti ń gbà láti ọdún mẹ́fà. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Kò rẹ̀ ẹ́. Nǹkan ń ṣe é. Ó ń yí po lójú kan, apá òsì, apá òsì, kò yé yí. Ètè ìsàlẹ̀ ti rọ̀ dirodiro. Mo pè é, etí rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló kọjú sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ju ọwọ́ lójú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Ó ti fọ́jú. Ó gbé iwájú orí ti ògiri gáréèjì tí mo sọ di ilé rẹ̀, ó ń tì í, ó ń tì í, bí ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Awọ iwájú orí rẹ̀ ti bó. Mo fi tìmùtìmù àga pálọ̀ sáàárín òun àti ògiri. Moní ò bínú nítorí tìmùtìmù rẹ̀, ó kàn ń sunkún.

Mo pe Dókítà Olúwabùnmi, dókítà ẹranko. Moní ti lọ síbi iṣẹ́ kó tó dé. Ó gún un lábẹ́rẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú. Ó béèrè ohun tó ń jẹ. Mo fi àgbàdo hàn án. Ó fi eyín la hóró kan sí méjì, ó wo inú rẹ̀, ó tu ú dànù. Ó ní níbo ni mo ti rí i? Mo ní ọjà. Ó bu díẹ̀ sínú ọ̀rá.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Sísí kú láàárọ̀ yìí. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ó wúwo, mi ò mọ̀ pé orí ẹṣin wúwo tó báyìí, torí pé òun ló máa ń gbé e fúnra rẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò, kò kàn mí.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Alápatà kan wá kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó wá ń yọ́ béèrè bóyá mo fẹ́ ta á. Ohun tí mo sọ fún un kò ṣeé kọ síbí.

A gbẹ́ ilẹ̀ jìn, a sin ín. Moní bi mí pé kí ló pa á gan-an. Mo ní inú rírun. Ó ti pe Màmá. Ó ní wọ́n ń ké lórí fóònù débi pé òun ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Dókítà pè. Àgbàdo ni. Ó ní ohun tó ń mú àgbàdo bu máa ń tú májèlé sínú hóró, inú lọ́hùn-ún. Èyí tí ojú ń rí lára nìkan ni omi ń fọ̀ lọ. Oòrùn ò lè lé májèlé náà, sísè kò lè pa á. Ó ní ẹran mìíràn lè jẹ ẹ́ kó yè é, ṣùgbọ́n ti ẹṣin le: ọpọlọ ló máa ń jẹ, á mú kó jẹrà títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìyẹn ló fà á tó fi ń gbé orí ti ògiri.

Ọpọlọ Sísí. Mo fi ọwọ́ mi pò ó fún un. Mo tún wọ́n iyọ̀ sí i.

Ó ní kí n jó ìyókù níná, kí èèyàn kankan má fẹnu kàn án, pé ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó ní lónìí ni kí n lọ kìlọ̀ fún ẹni tó tà á fún mi. Mo ní màá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí Igbemọ lẹ́yìn ìsìn. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn láti Adó. Màmá rí mi, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n gbá orí mi mọ́ àyà. Wọ́n ní Olúwa á rọ́pò rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ó kéré tán, ó jẹ oúnjẹ àwọn kó tó lọ, ìyẹn tu àwọn nínú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò dárúkọ àgbàdo. Àpò méjì mìíràn nínú àgbàdo kan náà sì wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, mo rí wọn. Mo ní lọ́kàn mi pé ìrẹsì ni Màmá máa ń jẹ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn àgbàdo. Mo gbé èyí mì bí oògùn, mo wọkọ̀ padà.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi òmìnira. Mi ò jáde. Ọ̀la ni màá pè wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Mi ò pè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Màmá dé láàárọ̀. Moní ti sọ fún wọn pé mi ò jẹun dáadáa láti ọjọ́ tí Sísí ti kú. Wọ́n gbé ike wá, ògì kún inú rẹ̀, wọ́n ní àwọn fọwọ́ ara àwọn sẹ́ ẹ, nínú àgbàdo tí ọmọ àwọn jẹ kù. Wọ́n ní ilé ọkọ ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ tutù báyìí. Moní ti gbé omi kaná. Ó bù ú kún abọ́ ńlá fún mi, ó gbé e síwájú mi, àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo gbé ṣíbí. Ọlọ́run rí mi, mo fẹ́ mu ún. Mo rò pé bí mo bá kàn mu ún, gbogbo ẹ̀ á tán.

Moní wá bu tirẹ̀.

Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ tán, gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti tú àpò. Màmá jókòó. Wọ́n béèrè bóyá Sísí jẹ̀rora. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní àwọn náà rí i pé ó ti bu díẹ̀, pé ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní ó dára, àwọn gbà pé èmi tí mò ń sin ẹṣin ni mo mọ̀.

Moní ló béèrè ìgbà tí Dókítà sọ fún mi. Mo ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, ṣé kí n tó lọ sí Igbemọ lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn? Ó ní láràárọ̀ ni Màmá ń mu ògì yẹn. Ó ní wọ́n mu ún lónìí kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n sì ti ń sọ fún òun láti ìjẹta pé inú ń run àwọn. Kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo. Ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí n má tẹ̀lé àwọn.

Ilẹ̀ ti ṣú báyìí, Moní ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ Màmá fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, wọ́n ní ojú wọn ti pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, wọ́n dá wọn dúró síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní Màmá ní kí òun bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.