Aago Bàbá Lẹ́sẹ̀ Ajá

“Ẹ dojúbolẹ̀! Ẹ dojúbolẹ̀, wọ́n ti ń bọ̀!”

Ohun tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo nìyẹn, lórí àga gbọọrọ tí wọ́n máa ń sùn sí lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n jí, wọ́n wò mí, wọ́n ní ajá làwọn ń bá wí. Rapp ajá wa sì ti dojúbolẹ̀ tipẹ́, ó ń hanrun. Ni wọ́n bá ní kí n mú bírò, kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí Sigve, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Oslo, torí ọwọ́ àwọn máa ń gbọ̀n, fóònù sì wà fún ọ̀rọ̀ àgùntàn. Inú ìwé tèmi yìí ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí, kí n tó dà á kọ.

Sigve ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Yìnyín ò ní yọ̀ ẹ́ ṣubú o, òjò dídì ò ní dí ọ̀nà rẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àwọn àgùntàn ti torí òkè délé, gbogbo wọn ló pé, àfi abo olórí dúdú yẹn, agídí ẹ̀ ló pa á. Ìyá rẹ ti se ẹran àgùntàn pẹ̀lú kábéèjì, ó ní tìẹ wà nínú fìrísà.

Ìròyìn ńlá wá nìyí: àwọn dókítà Oslo rántí mi! Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ ológun ti ṣe sára gbogbo àwa tá a lọ ṣọ́ àlàáfíà ní Lẹ́bánónì nígbà ọ̀dọ́ wa. Wọ́n fi aago kan ránṣẹ́, pé kí n má bọ́ ọ lọ́wọ́ tọ̀sán-tòru, ó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù àti bí èèyàn ṣe ń sùn. Èmi kúkú mọ irú ẹ̀. Òun náà ló wà lọ́rùn àwọn àgùntàn wa: tí àgùntàn bá sùn pẹ́ láìmira, fóònù á ké pé ó ti kú. Ṣé kí n wá sùn, kí wọ́n gbé hẹlikópítà wá gbé òkú mi? Nítorí náà, tí mo bá ti fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ Rapp ni mo ń so ó mọ́. Ìyẹn ò lè sùn kó má ta ẹsẹ̀, ehoro ló ń lé lójú àlá.

Dókítà Tordis, ọ̀kan nínú wọn, sì ti pè. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, ṣé mo máa ń sáré lójú oorun ni? Mo ní, dókítà, iṣẹ́ ológun la ti kọ́ ọ. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi da kọfí nù.

Ibí yìí ni mo ti bi Bàbá pé ṣé kí n kọ ti igbe tí wọ́n ké lẹ́ẹ̀kan.

“Igbe wo, Ingunn? Lẹ́tà tèmi ni àbí tìẹ? Ọmọ tó ń fajú ro bí ojú ọjọ́! Kọ ti kábéèjì.”

Mo kọ ti kábéèjì. Inú ń bí mi. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ igbe yẹn, gbogbo ilé ló sì ń pè é ní ọ̀rọ̀ ajá. Ajá mẹ́ta la ti ní, igbe kan náà ni. Àwọn èèyàn kan wá béèrè bí Bàbá ṣe ń sùn wàyí, ajá ló ń dá wọn lóhùn.

Ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà òjò. Má fi gba inú fóònù o, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Inú àpò lẹ́tà ni kó o fi í sí. Wálé Kérésì. Ibi tó o bá dojú kọ, ire ni kó wá pàdé rẹ. Èmi ni, bàbá rẹ.

Bàbá ti lọ sí ilé àgùntàn, wọ́n ń súfèé. Inú wọn dùn, lóòótọ́ ló dùn. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro fún mi.

Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ, tí wọ́n bá ti sùn lọ, màá tú aago yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ Rapp, màá rọra so ó mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Mi ò ní sọ fún Màmá, mi ò ní sọ fún Sigve, mi ò ní sọ fún dókítà pàápàá. Ọkàn Bàbá fúnra ẹ̀ ni kó bá wọn sọ̀rọ̀.